Ìgbà wo ló dáa jù láti lọ wo Olúmọ àti Imọlẹ̀bọ́jà? Ẹ má kàn wo kàlẹ́ńdà nìkan



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó máa ń ka ìròyìn wa láti Èkó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa márùn-ún la fẹ́ lọ wo Olúmọ, lẹ́yìn náà a fẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín ní Kwara, ká wo àpáta tí ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níjọ́sí. Ìgbà wo ló dáa jù? Ohun tí mo kà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni pé ká lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?"

Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn gùn. Ẹ̀ẹ̀rùn oṣù kọkànlá yàtọ̀ sí ti oṣù kìíní, ti oṣù kẹta sì tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Àlàyé rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí mo lè máa tẹ̀ lórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ síbí kí gbogbo yín lè rí i kà.

Fún ẹni tó ń kánjú, ìdáhùn mi rèé: láti àárín oṣù kọkànlá sí ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kejìlá, láàárín ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, kí ẹ sì ti dé ẹsẹ̀ àpáta ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹni tí ò bá kánjú, ẹ jókòó, ká jọ tú u wò. Nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó ju ọ̀rọ̀ oòrùn àti òjò lọ.

Odi tí ẹnikẹ́ni ò mọ

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ odi ogun àtijọ́ níbòmíì, ilé ńlá ni wọ́n ń sọ. Ẹ wo Elmina ní Ghana, tí àwọn Potogí kọ́ ní 1482. Odi bẹ́ẹ̀ ní yàrá, ó ní òrùlé. Bí òjò bá dé, ẹ ó sá wọlé, ẹ ó sì máa wo nǹkan yín lọ.

Èyí tí mò ń sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Àpáta ni. Ọlọ́run ló mọ ọ́n, àwọn baba wa kàn sá wọ abẹ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká kúrò ní ìlú wọn, Ṣódẹkẹ́ ló ṣíwájú wọn dé Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọdún 1830. Abẹ́ Olúmọ ni wọ́n forí pamọ́ sí, ibẹ̀ náà ni ìlú ti gba orúkọ. Títí dòní, ẹ ó rí abẹ́ àpáta tí wọ́n ń sùn sí, ẹ ó sì rí ihò inú òkúta tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan ọbẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wọ ibẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ìgbádùn ló gbé wọn débẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní gúúsù Kwara, Imọlẹ̀bọ́jà ló jọ ọ́. Ó wà ní Odò-Ọ̀wá, ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí Ìlọ́fà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Láti Òsì tí wọ́n bí mi sí, kò jìnnà. Abẹ́ àpáta ńlá ni, níbi tí àwọn èèyàn ń sá sí nígbà ogun abẹ́lé. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: imọlẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìjà náà wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àárín Ìlọrin, Ìbàdàn, Nupe àti Èkìtì làwọn ìlú wa há sí. Ẹni tí kò bá ní àpáta nítòsí nígbà yẹn, ó ní láti wá ibòmíì sá sí.

Olúmọ lókìkí, Imọlẹ̀bọ́jà kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Olúmọ ní àtẹ̀gùn, láti 2006 ló sì ti ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè. Ní Imọlẹ̀bọ́jà, ẹsẹ̀ yín ni ẹ̀rọ. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí kì í ṣe àkókò kan náà ló dáa fún àwọn méjèèjì ní gbogbo ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká ka oṣù

*Oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá.* Àkókò òjò nìyí. Ẹ má dá ẹni tó ní "òjò díẹ̀ ò pa èèyàn" lóhùn. Òkúta tí òjò ti ń pa fún oṣù méjì máa ń hu nǹkan tútù kan lára, aláwọ̀ ewé, tó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ojú lásán kì í rí i.

Mo sọ èyí pẹ̀lú ẹ̀rí. Ọdún kan, nínú oṣù keje, àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì wá kí mi nílé, mo sì ní kí n fi àpáta hàn wọ́n. Sílípáàsì ni mo wọ̀, torí mo ní "ilé mi nìyí, kí ló fẹ́ ṣe mí?" A ò tíì gun ibi tó ga rárá tí ẹsẹ̀ mi fi yọ̀. Ìdí ni mo fi sọ̀ kalẹ̀, fóònù fò, ojú rẹ̀ fọ́ yángá. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi lè gbé apá ọ̀tún sókè. Mi ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fà á.

Yàtọ̀ sí yíyọ̀, koríko ti ga ju èèyàn lọ nígbà náà, ẹ ò ní mọ ohun tí ẹ ń tẹ̀. Bí òjò bá sì ń ṣú, orí àpáta kọ́ ló yẹ kí èèyàn wà nígbà tí mànàmáná bá ń kọ.

Àmọ́ àyè kékeré kan wà. Lápá Abẹ́òkúta, òjò sábà máa ń sinmi díẹ̀ láti ìparí oṣù keje wọ inú oṣù kẹjọ. Ojú ọjọ́ á tutù, oòrùn ò ní mú. Nítorí àtẹ̀gùn tó wà ní Olúmọ, ẹ lè dá a lábàá nígbà yẹn, tí òjò ò bá tíì rọ̀ láti ọjọ́ méjì. Imọlẹ̀bọ́jà ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró.

*Àárín oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá.* Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Òjò ti lọ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òkúta ti gbẹ, ṣùgbọ́n igbó ṣì tutù, gbogbo nǹkan ò tíì di pípọ́n. Òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ọyẹ́ ò sì tíì gbé eruku dé. Ẹni tó bá dúró lórí Olúmọ lákòókò yìí á rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ rẹrẹ, á rí ṣọ́ọ̀ṣì Aké, á rí mọ́ṣáláṣí ńlá, á sì rí ibi tí odò Ògùn gbà kọjá. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọsàn ti pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ ra díẹ̀ kí ẹ tó gòkè, ó sàn ju mínírà lọ.

*Àárín oṣù kejìlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì.* Ọyẹ́. Ọ̀pọ̀ yín ló máa ń rò pé ìgbà yìí ló dáa jù torí pé ọdún ni, ara sì tutù. Òótọ́ ni pé gígùn rẹ̀ rọrùn. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ rí? Mo gun Olúmọ ní oṣù kìíní nígbà kan, eruku funfun nìkan ni mo rí, bí ìgbà tí wọ́n ta aṣọ bo gbogbo ìlú. Gbogbo fọ́tò tí mo yà, bí ẹni tó dúró níwájú ògiri ni. Àwọn tó ní asthma, ẹ mú ẹ̀rọ ìfàmí yín dání. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SS, kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó lọ, torí òtútù òwúrọ̀ àti òùngbẹ kì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn.

*Oṣù kejì àti oṣù kẹta.* Ooru dé. Àpáta máa ń gba oòrùn sára bí agbada. Tó bá fi máa di aago méjìlá ọ̀sán, bàtà gan-an á fẹ́ jó. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé iná ìgbẹ́ ti jó koríko kúrò, ọ̀nà ti hàn, kajú sì ti ń pọ́n ní oko wa. Ẹni tó bá máa lọ nígbà yìí, kó ti gòkè ní aago méje àárọ̀ kọjá díẹ̀, kó sì ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó di aago mẹ́wàá. Ẹ sì máa wo ojú ọ̀run: òjò àkọ́rọ̀ máa ń bá ìjì ńlá wá.

Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀?

Ibí yìí ni ìmọ̀ràn fún Olúmọ àti ti Imọlẹ̀bọ́jà ti takora.

Ní Olúmọ, ẹ sá fún èrò. Ọjọ́ Àjíǹde, Kérésì, ọdún tuntun, Iléyá, àti Sátidé kọ̀ọ̀kan tí àwọn iléèwé bá kó ọmọ wá, ẹ ó tò láti gun àtẹ̀gùn, ẹ ó tò láti ya fọ́tò. Ẹni tó ń ṣe àlàyé á máa sáré sọ̀rọ̀ torí àwọn míì ń dúró. Bí ẹ bá lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, ẹ̀yin nìkan lè gba àlàyé fún wákàtí kan gbáko. Ohun kan tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: Iléyá kì í dúró lójú kan. Ọdọọdún ló ń sún wá síwájú pẹ̀lú bí ọjọ́ mọ́kànlá. Torí náà, bí ẹ bá lọ lọ́sẹ̀ kan lọ́dún tó kọjá tí ibẹ̀ pa lọ́lọ́, ẹ má fi ìyẹn ṣírò tọdún yìí.

Ní Imọlẹ̀bọ́jà, ẹ wá èèyàn. Ìṣòro ibẹ̀ kì í ṣe èrò, dídákẹ́ ni. Ní ọjọ́ tí gbogbo ìlú bá wà lóko, ẹ lè má rí ẹni tó máa mú yín débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú máa ń wálé lásìkò Kérésì, ìgbà yẹn ló rọrùn jù láti rí ọ̀dọ́ tó mọ ọ̀nà, tó sì ráyè. Ọyẹ́ á ba fọ́tò jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ àpáta lẹ wá wò níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀ọ́kán. Eruku kì í dí ẹni tó wà lábẹ́ òkúta lójú.

Wákàtí wo?

Àárọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "oòrùn alẹ́ rẹwà" tàn yín. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, òkùnkùn wa kì í sì í fa ọ̀rọ̀ gùn. Láàárín bí ìṣẹ́jú mélòó kan, ilẹ̀ á ti ṣú, ẹ ó sì ṣì wà lórí òkúta. Ẹ ronú sí ọ̀nà tí ẹ máa gbà padà náà. Ìyẹn ló gbé mi dé ibi tí mo ti ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn la ọ̀nà fún àlejò, ó la ọ̀nà fún ogun

Ẹ wo ọjọ́ méjì yìí: ọjọ́ 3 oṣù kẹta 1851, àti ọjọ́ 15 oṣù kẹta 1864. Àwọn ọjọ́ tí ogun Dahomey kọlu Abẹ́òkúta nìyẹn, lẹ́ẹ̀kíní lábẹ́ Ghezo, lẹ́ẹ̀kejì lábẹ́ Glele. Àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà nígbà méjèèjì. Ṣé ẹ rí oṣù náà? Oṣù kẹta ni méjèèjì, inú ẹ̀ẹ̀rùn.

Kì í ṣe èèṣì. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sábà máa ń kó ogun jáde nílẹ̀ Yorùbá. Odò ti fà, ọmọ ogun lè fi ẹsẹ̀ là á kọjá. Ọ̀nà ti gbẹ. Ẹ̀tù ìbọn ò ní rin. Wọ́n ti kórè, torí náà ọkùnrin lè fi oko sílẹ̀, oúnjẹ sì wà lábà tí ogun lè kó jẹ. Ó túmọ̀ sí pé ìgbà tí àwọn baba wa ń sá wọ abẹ́ àpáta jù ni ìgbà tí a ń sọ pé ó dáa láti lọ ṣeré níbẹ̀ báyìí. Oòrùn kan náà ni, ọ̀nà gbígbẹ kan náà ni.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìtàn nìkan mọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin ní Koro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara, wọ́n pa Oníkoro, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èrúkù, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, nígbà tí wọ́n ń jọ́sìn lọ́wọ́. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó èèyàn 38 lọ, àwọn tó padà gba ìtúsílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ tún wo àwọn oṣù yẹn. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni méjèèjì bọ́ sí. Oṣù kọkànlá tí mo ní ó dáa jù wà nínú ẹ̀.

Ká sọ òótọ́, ó nira fún mi láti kọ èyí. Ọmọ ibẹ̀ ni mí. Mo fẹ́ kí ẹ wá. Mo fẹ́ kí ẹ ra ọsàn lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, kí ẹ sì fún ọmọ tó bá mú yín dé àpáta lówó tó nítumọ̀. Bí àlejò ò bá wá mọ́, ibẹ̀ á túbọ̀ dá páropáro, ibi tó bá sì dá ni olè ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún yín pé "ẹ̀ẹ̀rùn ni, ẹ máa bọ̀" láìsọ èyí tó kù, mo ti tàn yín nìyẹn.

Báwo lẹ ṣe máa ṣe é?

Fún Olúmọ, ọ̀rọ̀ rọrùn. Ẹ yan ọjọ́ iṣẹ́ kan láàárín oṣù kọkànlá, ẹ sun Abẹ́òkúta mọ́jú tàbí kí ẹ tètè jí kúrò l'Ékòó, kí ẹ sì ti débẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Bí ẹ bá mú àgbàlagbà dání, ẹ béèrè kí ẹ tó kúrò nílé bóyá ẹ̀rọ agbéni-gòkè ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ gba àtẹ̀gùn àtijọ́ lọ, kí ẹ gba tuntun bọ̀. Ẹ má sáré kọjá abẹ́ àpáta torí fọ́tò òkè. Abẹ́ yẹn ni ìtàn wà.

Fún Imọlẹ̀bọ́jà, ẹ tẹ̀lé e báyìí:

1. Ẹ yan ọ̀sẹ̀, ẹ má tíì yan ọjọ́. Ẹ wá ẹnì kan tó ń gbé Odò-Ọ̀wá, Ìlọ́fà tàbí Òsì, kì í ṣe ẹni tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń gbé Ìbàdàn. Ẹni tó sùn síbẹ̀ lánàá ló mọ bí ọ̀nà ṣe rí.

2. Ẹ pè é lọ́sẹ̀ yẹn, kí ẹ tún pè é ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ó bá ní "ẹ ṣì ní sùúrù," ẹ má bi í ní ìdí mẹ́ta. Ẹ sún ọjọ́ síwájú.

3. Ọ̀sán gangan nìkan ni kí ẹ fi rìn. Láti Ìlọrin, ẹ ó gba Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ ó sì gba Òmù-Àrán kí ẹ tó wọ ọ̀dọ̀ wa. Ẹ gbéra ní aago méje. Ẹ ti padà dé Òmù-Àrán kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, ẹ sùn sí ìlú tó bá súnmọ́ yín.

4. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí ọba tàbí àwọn àgbà ìlú. Kì í ṣe àṣà lásán. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ wà lórí àpáta, ẹnì kan á mọ̀ bí ẹ ò bá tètè sọ̀ kalẹ̀. Àwọn àgbà náà ló sì ní ìtàn tí ẹ bá wá.

5. Bàtà tó dì mọ́lẹ̀, omi tó pọ̀, kí ẹ má sì gbé fọ́tò sórí Facebook títí ẹ ó fi kúrò ládùúgbò.

Ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí tún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lánàá. Ó ní àwọn ti mú Olúmọ fún ọjọ́ Ọjọ́rú kan nínú oṣù kọkànlá. Nípa tiwa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wa." Mo ti fi í mọ ẹnì kan tó ń gbé Odò-Ọ̀wá. Èmi náà Ìlọrin ni mò ń gbé báyìí, ẹni tó wà nílé ló lè sọ.

Bí àwọn tó sá wọ abẹ́ àpáta nígbà náà ṣe ṣe é nìyẹn. Wọn kì í sọ̀ kalẹ̀ torí pé oòrùn ràn. Wọ́n á dúró títí ẹni tí wọ́n rán lọ yọjú á fi padà wá ní, ọ̀nà ti dáa.

Ẹ̀yin tó ti débẹ̀, ẹ sọ fún mi, oṣù wo lẹ lọ, kí lẹ sì rí?